Àrokò àlàáfíà Ìjẹ̀bú: ibi tó ti wá, bí a ṣe ń so ó, bí a ṣe ń kà á

Ọdún 1851 ń parí lọ nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè ọba Èkó. Ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ni wọ́n kà sí ọjọ́ tó gorí ìtẹ́ padà. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ àlàáfíà kan ti ọ̀dọ̀ ọba Ìjẹ̀bú wá bá a. Ìwé kọ́, okùn ni, àrokò tó ń fi ohun tí a so mọ́ ọn sọ̀rọ̀. Ohun mẹ́rìnlá ló wà lára okùn náà: owó ẹyọ mẹ́jọ, ọmọ ayò méjì, kóró ọsàn méjì tó pẹlẹbẹ, àti ẹ̀là méjì nínú ohun olóòórùn dídùn tí a ń sun bíi tùràrí.

Ọpẹ́lọpẹ́ John Augustus Otunba Payne tí okùn yìí kò fi di ìtàn tó sọnù. Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1839, ìran rẹ̀ wá láti ilé ọba Ìjẹ̀bú, ó sì ṣe akọ̀wé àgbà ní kóòtù gíga Èkó. Òun ló kó àrokò Ìjẹ̀bú mélòó kan jọ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, tí àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi rí wọn, tí àpèjúwe wọn sì jáde ní 1887. Iṣẹ́ kóòtù hàn nínú ohun tó ṣe. Kí ó tó sọ ìtumọ̀, ó ti ka ohun tó wà lára okùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ti sọ ibi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Bí ìtumọ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ ni, à bá kàn máa gba ohun tó sọ gbọ́ láìrí ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ka okùn náà. Owó ẹyọ mẹ́jọ yẹn wà ní méjì-méjì, ó di ọ̀wọ́ mẹ́rin, ìyẹn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé pẹ̀lú gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀wọ́ mẹ́ta dojú sókè. Ìkẹrin, èyí tó wà lókè pátápátá ní ààyè ọlá, ni àwọn méjèèjì inú rẹ̀ kọjú síra wọn. Ìjẹ̀bú àti Èkó nìyẹn: nínú gbogbo ayé, àwọn méjèèjì ló sún mọ́ra jù, ojú wọn sì pàdé. Gbogbo ohun yòókù lára okùn náà jẹ́ méjì-méjì, torí ọ̀rọ̀ "èmi àti ìwọ" ni ọba ń sọ látòkèdélẹ̀.

Ọmọ ayò méjì tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti jókòó ti ọpọ́n ayò mọ̀ ọ́n: ihò méjìlá, ọmọ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀, ẹni méjì péré ló sì ń ta á. Ẹ lè bú ara yín lórí ayò, ẹ lè fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa bínú, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bára yín jagun kò ní jókòó ti ọpọ́n kan. Ohun tí ọba ń sọ ni pé kí Ìjẹ̀bú àti Èkó máa bára wọn ṣeré bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ta ayò.

Kóró ọsàn wá kàn. Ẹ má ronú ọsàn mímu o, èyí tí kóró rẹ̀ kéré tó sì rí roboto; kóró àgbálùmọ̀ ló máa ń pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, ọsàn sì ni wọ́n ń pe òun náà. Orúkọ èso yìí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, torí "sàn" wà nínú rẹ̀: kí ó sàn fún ọ bí ó ṣe sàn fún mi, kí inú àwa méjèèjì dùn síra wa. Ní ìparí, ohun olóòórùn dídùn: bí iná bá ràn án, òórùn kan náà ló máa mú jáde nígbà gbogbo, kì í dùn lónìí kó rùn lọ́la. Ọba fi èyí sọ pé kí ọba Èkó má tan òun, pé òun náà kò ní fi ojú méjì bá a lò.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa àrokò yìí máa ń fò kọjá. Kò sí ẹyọ kan lára okùn náà tó dúró fún "àlàáfíà" fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, èdè Lárúbáwá ló ti bẹ̀rẹ̀, láti ara ọ̀rọ̀ kan tó ń sọ nípa ìlera. Hausa ń pè é ní lafiya, ẹ̀ka kan náà sì ni. Ẹni tó so okùn kò wá àmì kan tó gbé gbogbo rẹ̀. Ohun mẹ́rin ló tò kalẹ̀: a sún mọ́ra, a lè ṣeré, ó dùn mọ́ àwa méjèèjì, kò sí ẹ̀tàn. Bí ọ̀kan bá yingin nínú wọn, ọba Èkó mọ èyí tó lè fi dá Ìjẹ̀bú lẹ́bi. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni okùn yìí ti ta ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn yọ.

Kí a tó sọ ibi tó ti wá, ó yẹ ká mọ òfin tó ń tẹ̀ lé, torí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè kàn so bó ṣe wù ú.

Iye ni àkọ́kọ́. Méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ, ti ire ni. Iye tí kò ṣeé pín sí méjì máa ń gbé ibi. Ẹyọ kan ṣoṣo tí a fi dá ẹni tó bèèrè nǹkan lóhùn, "rárá" ni. Lẹ́yìn èyí, iye náà tún ní ohùn tirẹ̀. Ẹ̀fà ń sọ pé mo fà ọ́ mọ́ra, ẹ̀jọ ń sọ pé a jọ wà níbẹ̀. Títí di òní, ẹni tí kò mọ ohunkóhun mìíràn nípa àrokò mọ èyí: ẹni tó fi mẹ́fà ránṣẹ́, ọkàn rẹ̀ ló fà sí ọ, bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ̀ ọ́, mẹ́jọ ni kó o fi dá a padà.

Ojú ló tẹ̀ lé iye. Owó ẹyọ ní ojú, ibi tó là tó ní eyín. Ó sì ní ẹ̀yìn, ibi tó yọ gọnbu. Méjì tó kọjú síra, ìbátan àti ìpàdé. Méjì tó kẹ̀yìn síra, ìjà àti ìpínyà. Kì í ṣe Ìjẹ̀bú nìkan ló ń kà á báyìí, torí Gollmer, òjíṣẹ́ ìjọ Ọlọ́run ará Jámánì tó gbé Àgbádárìgì láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kọ irú ìtumọ̀ kan náà sílẹ̀ láti ibẹ̀. Bí gbogbo wọn bá kọjú síbì kan, ohùn wọn ṣọ̀kan.

Orúkọ nǹkan ni ẹ̀kẹta, bí a ṣe rí i nínú ọsàn. Nígbà mìíràn, kì í ṣe orúkọ bí kò ṣe ìlò nǹkan náà: ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ro etí, nítorí náà ìyẹ́ lára okùn ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ dé etí rẹ. Ọ̀gágun Ìjẹ̀bú kan fi ẹyọ mẹ́fà pẹ̀lú ìyẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ ọba Ìjẹ̀bú kan tó wà lẹ́yìn odi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mo fi mẹ́fà yìí fà ọ́ sọ́dọ̀, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Etí rẹ nìkan ni ìyẹ́ yìí lè dé, nítorí náà ìwọ ni kó o dìde wá.

Ipò ni ẹ̀kẹrin, òun ló sì máa ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Láti ibi kókó ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lára àwọn èyí tí Payne kó jọ, ọ̀kan wà tí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, fi ránṣẹ́ sí ọmọ ẹbí rẹ̀ kan tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Láti ibi kókó lọ sí ìdí: ẹyọ mẹ́rin tí wọ́n kẹ̀yìn sí kókó, tí gbogbo wọn sì kọjú síbì kan, ẹ̀là ohun olóòórùn, ẹyọ mẹ́ta, ẹ̀rún ẹní, ìyẹ́, lẹ́yìn náà ẹyọ kan. Ẹni tó bá ń kà á ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ yóò rí mẹ́ta, yóò tún rí ẹyọ kan, ẹ̀rù á sì bà á. Ṣùgbọ́n ka gbogbo rẹ̀ pọ̀: mẹ́rin, mẹ́ta, ọ̀kan, mẹ́jọ ló jẹ́, kò sì sí èyí tó yí ojú padà nínú wọn. Ìṣe rẹ bá tèmi mu, ni ọba ń wí. Má tàn mí. Ọ̀rọ̀ rẹ níyì lójú mi. Orí ẹní kan náà ni a jọ jókòó, tí a jọ sùn. Mò ń retí ohùn rẹ. Ẹyọ kan tó wà ní ìdí yẹn kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀, ẹni tó ń dúró de èsì ni.

Níbo ni ọgbọ́n yìí ti wá? Kò sí ẹnì kan tó jókòó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ohun tó bí i kò fara sin.

Owó ni àkọ́kọ́. Láti erékùṣù Maldives ní òkun Íńdíà ni owó ẹyọ kékeré ti ń wá, kí èyí tó tóbi jù ú lọ láti agbègbè Zanzibar tó ya wọ Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wọ́n ń sín in sí okùn láti kà á: ogójì nínú okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, tí wọ́n tún ń pè ní orí kan, orí mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Nítorí náà ẹyọ tí wọ́n ti lu, tí okùn ti wọ̀, ti wà nílé gbogbo ènìyàn kí ẹnikẹ́ni tó fi í sọ̀rọ̀. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n dín iye rẹ̀ kù tí kò fi ní ṣeé ná: kò sẹ́ni tó máa rí ẹyọ mẹ́jọ pẹ̀lú ọmọ ayò kó rò pé gbèsè ni wọ́n wá san.

Èkejì ni Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú tí àwọn mìíràn ń pè ní Ògbóni. Òṣùgbó ló ń fi ẹdan parí ìjà nílé Ìjẹ̀bú. Ẹdan kì í dá wà: akọ àti abo ni, idẹ ni wọ́n fi bo ọ̀pá irin, ẹ̀wọ̀n sì so wọ́n pọ̀ lórí. Bí Òṣùgbó bá ti gbé e sáàárín àwọn tó ń jà, ìjà gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹjọ́ sì lọ sí ìlédì, ilé ìpàdé wọn. Ẹni tó bá tún gbéjà lẹ́yìn ìyẹn, Òṣùgbó fúnra rẹ̀ ló ń bá jà. Idẹ ti pẹ́ ní Ìjẹ̀bú. Pacheco Pereira, ọmọ Potogí, kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé ìlú ńlá tí yàrà ńlá yí ká ni, àti pé ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi ń ra ẹrú kan níbẹ̀. (Ó bani lọ́kàn jẹ́ pé láti ọjà bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú idẹ tó di ẹdan ti wá, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.) Ìda ni alágbẹ̀dẹ idẹ fi ń mọ ẹdan, á fi amọ̀ bò ó, á fi iná yọ ìda náà jáde, á sì da idẹ gbígbóná sí ààyè rẹ̀. Bí amọ̀ kò bá gbẹ tán, omi inú rẹ̀ á di ooru, á sì fọ́ ọ. Bí idẹ kò bá gbóná tó, á dì kó tó dé ẹsẹ̀. Ohun tó kàn wá níbí ni pé òfin méjì-méjì, ti ẹni méjì tí a so pọ̀ lókè, kò ṣàjèjì sí ojú Ìjẹ̀bú nígbà tó rí i lára okùn.

Ẹ̀kẹta ni pé Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àlejò gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Títí di 1892, ọjà ẹnu ibodè àti ti etí ọ̀sà bíi Ẹ̀jìnrìn ni àlejò àti ọmọ Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, oníbodè sì wà lójú ọ̀nà. Ìlú tí kò jẹ́ kí ènìyàn wọlé bó ṣe wù ú kò lè ṣaláìní ohun tí yóò máa sọ̀rọ̀ lórúkọ ọba níbi tí ọba kò ní dé. A gbà pé ìdí nìyí tí àrokò Ìjẹ̀bú fi gùn, tó sì kún ju ẹyọ méjì tó kọjú síra lásán lọ.

Ní ti síso rẹ̀, yan ẹyọ tí ojú rẹ̀ kò ṣá, kí títóbi wọn sì sún mọ́ra. Ihò méjì ni kí o lu sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí okùn lè wọlé kó sì jáde, torí ihò kan ṣoṣo ń jẹ́ kí ẹyọ máa yí kiri. Okùn koríko tí a lọ́ ló dára. Èyí tó bá ń yọ̀ yóò mú kí ẹyọ yí ojú padà lójú ọ̀nà, ẹyọ tó yí ojú padà sì ti sọ ohun mìíràn. Di kókó kékeré lẹ́yìn ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kókó ńlá ni kó gbẹ̀yìn, lókè, níbi tí òǹkàwé yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ba àrokò jẹ́ pọ̀. Bí ẹyọ kan bá já bọ́ nínú mẹ́jọ, méje ni yóò dé ọ̀dọ̀ ọba. Bí ohun gbogbo lára okùn tó lọ bá Akítóyè ṣe jẹ́ méjì-méjì wúlò níbí: bí ọ̀kan bá sọnù, èkejì rẹ̀ wà níbẹ̀ tí yóò tú àṣírí. Orúkọ nǹkan náà kì í bá gbogbo èdè mu. Ọsàn kò sọ ohunkóhun fún Nupe tàbí Hausa, nítorí náà èyí tó máa kọjá ilẹ̀ Yorùbá gbọ́dọ̀ dúró lórí iye àti ojú nìkan. Ẹni tí wọ́n rán sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀. Bí ohun tó sọ kò bá bá okùn mu, okùn ni ọba ń gbà gbọ́, torí okùn kò gba rìbá lọ́nà.

Àmọ́ okùn kò lè sọ ohun tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kòsọ́kọ́ tí wọ́n lé kúrò ní Èkó, ní Ẹ̀pẹ́ ló fìdí kalẹ̀ sí pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, lórí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Awùjalẹ̀. Èkó gba tùràrí, ọ̀tá rẹ̀ sì ń gbé lábẹ́ òrùlé ẹni tó fi í ránṣẹ́. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854 ni Kòsọ́kọ́ àti Campbell, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣe àdéhùn: Kòsọ́kọ́ yóò jọ̀wọ́ Èkó, wọn yóò sì máa fún un ní 2,000 orí owó ẹyọ tàbí 1,000 dọ́là lọ́dún títí yóò fi kú, èyí tó bá wù ú. Ẹ ṣírò rẹ̀: mílíọ̀nù mẹ́rin ẹyọ lọ́dún. Ẹyọ ló tún parí rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí owó ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ìjẹ̀bú nìkan kọ́ ló rí i pé ìkarahun lè gbé àdéhùn. Àwọn Haudenosaunee ní Amẹ́ríkà ti Àríwá ń hun ìlẹ̀kẹ̀ ìkarahun funfun àti èlésè àlùkò sí ìgbànú tí wọ́n ń pè ní wampum, ìgbànú náà ni wọ́n sì ń gbé jáde bí wọ́n bá fẹ́ ka àdéhùn fún àwọn ọmọ. Ọ̀kan tó lókìkí ní ìlà méjì lórí ilẹ̀ funfun, ọkọ̀ ojú omi méjì tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìkọlu ara wọn. Àwọn Akan ní Gánà gbà á síbòmíràn: asomdwoe ni wọ́n ń pe àlàáfíà, inú etí tó tutù. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pè é ní pax, láti ìdílé ọ̀rọ̀ kan tó ń sọ nípa ohun tí a kàn mọ́ra tàbí tí a dì pọ̀. Kókó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bíi ti okùn Ìjẹ̀bú. Etí tó tutù ti Akan sì kò jìnnà sí ìyẹ́ tó ń ro etí.

Ìwé ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ okùn. Nígbà tí wọ́n ń parí ogun Kírìjì, àdéhùn ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1886 wà lórí bébà, Awùjalẹ̀ sì wà lára àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lójú ogun. Ní oṣù Kìíní 1892, àwọn ìránṣẹ́ Ìjẹ̀bú lọ bá Gómìnà Carter ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ ṣíṣí ọ̀nà. Wọ́n gbà pé ọ̀nà yóò ṣí, ìjọba Èkó yóò sì máa san £500 lọ́dún dípò owó oníbodè, ṣùgbọ́n àwọn ìránṣẹ́ náà kò fọwọ́ kan kálàmù. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó ló bá wọn tọwọ́ bọ̀ ọ́. Carter ka bébà náà sí àdéhùn tó ti dè wọ́n. Nílé, kò sí ohun tí wọ́n gbé délé tí ojú rẹ̀ kọjú síbì kankan. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ní Ìjẹ̀bú ti da àdéhùn, ogun dé Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún, Ìjẹ̀bú-Òde sì ṣubú.

Àwọn tó ń so irú okùn yìí fún àfihàn lónìí máa ń ra ẹyọ tí wọ́n ti gé ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, irú èyí tí wọ́n ń rán mọ́ aṣọ àti ìlù. Kò dára fún un. Ẹyọ tí kò ní ẹ̀yìn kò lè kẹ̀yìn síra, a kò sì ní mọ̀ bóyá ó kọjú síra. Odindi ni kí ẹ wá, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ nípọn lu ihò rẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, jẹ́ẹ́jẹ́, torí ibi tó tinrín ló máa ń fọ́. Kóró àgbálùmọ̀ náà, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì sá a dáadáa kí ẹ tó lu ú. Bí ó bá tutù, ihò rẹ̀ á dì, èèrà á sì bá a dé ibi àfihàn.